Ọjọ́ Keje Tèmi, Ọjọ́ Kìn-ín-ní Tìrẹ

Láyé ìgbà tí àwọn tó gba Jésù gbọ́ ò tíì pọ̀, tí wọn ò tíì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kankan, tó jẹ́ pé inú ilé ara wọn ni wọ́n ti ń sin Ọlọ́run, ọmọbìnrin kan wà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ aláró. Ọmọ náà ti bá bàbá rẹ̀ rẹ aṣọ láti kékeré débi pé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ọrùn ọwọ́, ọṣẹ ò sì ràn án. Ọlọ́wọ́ Aró ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò bínú sí orúkọ náà. Ohun tó ń bí i nínú ni pé gbogbo ọkùnrin tó bá wá wò ó láti fẹ́ ẹ ló máa ń bi í bóyá aró yẹn kì í ràn mọ́ oúnjẹ.

Ìdílé wọn ń pa Sábáàtì mọ́. Bí oòrùn ọjọ́ kẹfà ọ̀sẹ̀ bá ti fẹ́ wọ̀, Bàbá Aláró á fi ọmọrí dé ìkòkò aró lọ́kọ̀ọ̀kan, á ṣan igi tí wọ́n fi ń rò ó, á sì ti ilẹ̀kùn àgbàlá. Láti ìgbà yẹn títí oòrùn ọjọ́ keje á fi wọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní dá iná, ẹnikẹ́ni ò ní ká aṣọ lórí okùn. Bó ṣe bá a lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n di ọmọlẹ́yìn Jésù, wọn ò rí ìdí tí wọ́n á fi jáwọ́, torí Jésù alára pa Sábáàtì mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn onígbàgbọ́ ìlú náà ni wọn ò bí sínú Sábáàtì. Alágbàṣe ni wọ́n, àti ẹrú, àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ọjọ́ kìn-ín-ní ọ̀sẹ̀, ọjọ́ tí Jésù jí dìde, ni wọ́n máa ń péjọ. Sọ́ńdè tí a ń pè ní Ọjọ́ Ìsinmi lónìí, ọjọ́ làálàá ni nígbà náà o. Kò sí ọba tó tíì pàṣẹ pé kẹ́nikẹ́ni sinmi lọ́jọ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jí ní ìdájí, wọ́n á kọrin, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á bu búrẹ́dì, tí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, kálukú á gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Yàrá òkè ilé opó arúgbó kan ni wọ́n ti ń pàdé. Ìyá Òkè ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Níbẹ̀ náà ni ìdílé aláró àti àwọn bíi tiwọn ti ń ka ìwé Ọlọ́run lọ́sàn-án ọjọ́ keje. Tó bá wá di ìdájí ọjọ́ kìn-ín-ní tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn á tún padà wá. Kò sí wàhálà nínú ẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ sinmi á sinmi, gbogbo wọn á sì jọ bu búrẹ́dì.

Oníyẹ̀fun ló ń gbé búrẹ́dì náà wá. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì tó wà nídìí odi ìlú ni, ìyẹ̀fun kì í sì í kúrò ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò gba nǹkan kan gbọ́ ju ààrò rẹ̀ lọ, àmọ́ kì í ṣe èèyàn burúkú. Bí búrẹ́dì àkọ́yọ bá ti jáde ní ìdájí ọjọ́ kìn-ín-ní, á ní kí àbúrò òun sáré lọ sáré bọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyá Ọlọ́wọ́ Aró ní kí ọmọ òun lọ gba búrẹ́dì nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ọmọ náà na ọwọ́. Oníyẹ̀fun wo ọwọ́ náà nínú ìmọ́lẹ̀ àtùpà, kò sì tíì gbé búrẹ́dì náà lé e.

"Kì í ràn mọ́ oúnjẹ," ọmọbìnrin náà yára sọ.

"Mi ò bi yín bẹ́ẹ̀," ọkùnrin náà dáhùn. "Gbígbóná rẹ̀ ni mò ń rò. Ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ wé e."

"Ọwọ́ tó ti ń wọ inú aró láti kékeré? Ẹ gbé e wá."

Ó gbé e fún un. Ó gbóná lóòótọ́, díẹ̀ ló kù kó sọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ ó lejú koko, ó gun àtẹ̀gùn lọ láìwẹ̀yìn. Ìgbà tó dókè ló tó ráyè fẹ́ atẹ́gùn sí ìka. Ó gbọ́ tí ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀, òun náà sì rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò jẹ́ kí ìyá òun rí i.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó tún ń rán an kó tó lọ gba búrẹ́dì.

Nígbà tó ṣe, Oníyẹ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lọ́sàn-án ọjọ́ keje pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n bá ń kàwé. Á wọlé pẹ̀lú òórùn èéfín, á jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò ní pẹ́ tó fi máa padà sídìí ààrò. Ọlọ́wọ́ Aró bi í pé kí ló ń wá.

"Mo fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é tí ẹ fi ń jókòó jẹ́ẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀," ó ní. "Èmi ò jókòó jẹ́ẹ́ rí láyé mi. Báwo ló ṣe máa ń rí?"

Ọmọbìnrin náà ronú sí i. Ẹnikẹ́ni ò bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí.

"Ó máa ń dà bíi pé mo ru ẹrù bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn," ó ní, "tí ẹnì kan wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún mi, tó ní kí n jókòó, pé ilé mi nìyí."

Oníyẹ̀fun gbójú sókè. Ó kàn ń wò ó. Ojú yẹn ni Ọlọ́wọ́ Aró gbé lọ sílé, òun ló sì ń rí nínú omi aró títí ọ̀sẹ̀ fi parí.

Àárín àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gún régé ni ìjà dé. Arìnrìn-àjò kan tó mọ̀rọ̀ sọ wá sí ìpàdé ìdájí, wọ́n sì ní kó bá àwọn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn títí tó fi sọ pé ẹni tó bá ṣì ń sinmi lọ́jọ́ keje, ó dà bí ẹni tó ń tan àtùpà lẹ́yìn tí oòrùn ti yọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Aláró dìde.

"Ta ló pàṣẹ pé ká yí ọjọ́ Ọlọ́run padà?" ó bi í. "Dárúkọ rẹ̀ fún mi."

"Bàbá, ẹnikẹ́ni ò yí nǹkan kan padà," ẹlòmíì bá wọn dá sí i. "Àjíǹde Olúwa là ń rántí."

"Ẹ máa rántí rẹ̀. Ṣebí mo bá yín rántí rẹ̀ láàárọ̀ yìí? Àmọ́ ọjọ́ tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sinmi, mi ò ní jókòó kí wọ́n máa pè é ní àtùpà ọ̀sán lójú mi."

Arìnrìn-àjò náà ò mọ̀ pé ẹyin lohùn. Ó ní ohun tó ń ṣe bàbá náà ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì wà níta ìgbàgbọ́. Bàbá Aláró yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kí ọmọ òun dìde, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀. Oníyẹ̀fun wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé búrẹ́dì bọ̀. Ó yà fún wọn. Ọmọbìnrin náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ lé àwọn òbí rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ilé àwọn aláró ni àwọn tó ń pa Sábáàtì mọ́ ti ń kàwé, wọn ò sì dé yàrá òkè mọ́.

Oṣù mélòó kan lọ. Oníyẹ̀fun ò rí oorun sùn, búrẹ́dì tó ń yan ò sì rí bó ṣe yẹ kó rí, débi pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bi í bóyá ó fẹ́ fi iyọ̀ pa wọ́n ni. Níkẹyìn, ó lọ bá Ìyá Òkè, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó bá òun ṣe alárinà.

Ìyá arúgbó náà gbá ọ̀pá rẹ̀ mú, ó rìn lọ sílé aró. Ó bá Bàbá Aláró níbi tó ti ń ro aró nínú ìkòkò. Ó sọ ohun tó bá wá, ó sì fi kún un pé, "Ìyá ọkọ mi ló mú mi wọ ìgbàgbọ́ yìí. Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni ti àwọn obìnrin tó lọ síbojì Olúwa. Wọ́n ti tọ́jú òróró olóòórùn dídùn sílẹ̀, ìbànújẹ́ sì kún ọkàn wọn, síbẹ̀ wọ́n kọ́kọ́ jókòó, wọ́n sinmi Sábáàtì wọn tán. Ìgbà tó di ìdájí ọjọ́ kìn-ín-ní ni wọ́n tó jáde, tí wọ́n bá ibojì lófìfo. Àwọn obìnrin kan náà ló pa ọjọ́ méjèèjì mọ́. Kí ló wá dé tí ẹ̀yin ọkùnrin fi ń fà á ya mọ́ra yín lọ́wọ́?"

Bàbá Aláró dáwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

"Ìyá, òótọ́ lẹ sọ," ó ní. "Àmọ́ ta ló máa dáná nílé búrẹ́dì yẹn lọ́jọ́ keje?"

"Ọmọ yín kọ́."

"Lónìí, òun kọ́. Tó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á ní kó kàn bá wọn gbé igbá ìyẹ̀fun. Tó bá tún yá, kó kàn bá wọn wo iná. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, Ìyá. Mi ò kórìíra ọmọ náà. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Tí èmi bá kú, tí ìyá rẹ̀ kú, ta ló máa bá a rántí ẹni tó jẹ́?"

Ìyá Òkè gbá ọ̀pá rẹ̀ mú padà. Ó tún gba ilé búrẹ́dì lọ, bóyá ibẹ̀ á rọ̀. Ibẹ̀ gan-an ló le.

"Ọjọ́ keje lọjà wa ń yá jù," ẹ̀gbọ́n Oníyẹ̀fun sọ. "Ìyàwó tó máa káwọ́ gbera lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ ò gbèrò, kí la fẹ́ fi í ṣe? Ṣé ẹ máa fẹ́ apẹja tí kì í fẹ́ kí omi kan òun?"

Ọlọ́wọ́ Aró ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ògiri, kò sì pẹ́ tí ti ilé búrẹ́dì náà fi dé etí rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bí ó ṣe ń ṣan aṣọ létí odò, Oníyẹ̀fun wá bá a. Kò kí i dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Mo ti pinnu," ó ní. "Màá fi ààrò sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Màá wá kọ́ṣẹ́ aró lọ́dọ̀ bàbá rẹ, màá sì máa bá yín sinmi. Ó parí."

"Kò parí," ọmọbìnrin náà dáhùn. "O fẹ́ràn búrẹ́dì. Kó tó di ọdún méjì, wàá máa wò mí bí ẹni tó gba ààrò lọ́wọ́ rẹ. Mi ò fẹ́ ọkọ tó máa sinmi nítorí mi."

"Kí wá lo fẹ́?"

"Èyí tó máa jẹ́ kí n sinmi."

"Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀?"

"Ó wà. Lọ ronú sí i." Ó fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí kò fi ní ẹ̀kán omi kan mọ́, torí kò fẹ́ kí ọkùnrin náà rí ojú òun.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wà báyìí ni olówùú kan yọjú pé òun fẹ́ fẹ́ Ọlọ́wọ́ Aró. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ń pa Sábáàtì mọ́, ó sì máa ń rọra sọ̀rọ̀. Bàbá Aláró fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá ọmọ bi ọmọ rẹ̀ pé kí ló burú lára ọkùnrin náà. Ọlọ́wọ́ Aró wá a títí. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé kò sí ohun tó burú. Ó bi ara rẹ̀ bóyá Ọlọ́run ló fi olówùú náà ránṣẹ́ láti gba òun lọ́wọ́ ara òun. Ó bi ara rẹ̀ bóyá ẹni tó ń fi gbogbo Sábáàtì ronú nípa oníbúrẹ́dì tiẹ̀ ń pa Sábáàtì kankan mọ́. Wọ́n ní kó fèsì kí òjò tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Òjò náà ò tètè kásẹ̀ nílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ keje kan, ó rọ̀ bí ẹni tó ń da korobá nù, gọ́tà kún, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ àgbàlá aró tó wà ní kòtò. Gbogbo aṣọ tí wọ́n ti rẹ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wà lórí pákó tí kò ga níbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń pariwo pé kí wọ́n kó ẹrù wọn. Bàbá Aláró jókòó sínú yàrá tó ga ju àgbàlá lọ, ó ń wo omi náà.

"Tó bá jẹ́ ẹ̀mí ni, àá dìde," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Aṣọ ni."

Oníyẹ̀fun ló dédé yọ nínú òjò, omi ti dé orúnkún rẹ̀. Ó ti rí i láti ìdí odi pé ọ̀nà ilé aró ni gbogbo omi ń gbà, ó sì fi búrẹ́dì sílẹ̀ nínú iná sá wá. Ó ti gbá ìdì aṣọ àkọ́kọ́ mú kó tó rántí láti bèèrè.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé e sókè. Sábáàtì ò de èmi."

"Tó o bá gbé e fún mi, èmi ni mo gbé e," Bàbá Aláró sọ. "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi."

Ọlọ́wọ́ Aró dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ́ kí ọkùnrin náà gbé e. Iṣẹ́ ọwọ́ òun àti ti ìyá òun ló ń lọ sínú ẹrẹ̀ yẹn, gbígbé lásán sì ni. Bákan náà ni ohun kan nínú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbé e. Tó bá gbé e, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ó ti pinnu fún wọn nìyẹn, á sì tún máa pinnu fún wọn lọ́jọ́ mìíràn.

Oníyẹ̀fun wo aṣọ, ó wo bàbá náà. Lẹ́yìn náà, ó rọra gbé ìdì aṣọ náà padà sórí pákó, ó gun òkè wá bá wọn, omi ń ro lára rẹ̀.

"Ṣé mo lè jókòó?" ó béèrè.

Ìyá ọmọ fún un ní aṣọ kó fi nura. Ó jókòó. Bàbá Aláró bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọ̀rọ̀ ìyìn tó mọ̀ lórí, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n nígbà tí pákó àkọ́kọ́ dojú dé sínú omi. Oníyẹ̀fun ò mọ àwọn ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ó dorí kodò, kò sì dìde. Ó ń gbọ́ bí aṣọ ṣe ń lọ, ó mọ̀ pé búrẹ́dì òun náà ti di èédú báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ń yún un láti ṣe nǹkan, ó sì fi sáàárín itan.

Bí oòrùn ṣe wọ̀, Bàbá Aláró gbàdúrà tí wọ́n fi ń sin Sábáàtì lọ. Ó dìde, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè.

"Ó yá," ó sọ fún Oníyẹ̀fun.

Gbogbo wọn wọ inú omi. Wọ́n gbé títí apá wọn fi kọ̀. Nínú aṣọ gbogbo ọdún yẹn, ìdajì ló bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, tí ẹrẹ̀ ti bo gbogbo wọn, bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

"Àwọn tó lè bá mi gbé aṣọ pọ̀ ládùúgbò yìí. Ẹni tó lè bá mi jókòó kí aṣọ máa bàjẹ́ lójú rẹ̀, nítorí pé mo ní ká jókòó, mi ò rí irú rẹ̀ púpọ̀." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Àwọn olówùú fẹ́ èsì. Kí ni kí n wí?"

"Ẹ ní kí wọ́n má bínú, Bàbá," ọmọ náà dáhùn.

Oníyẹ̀fun sọ pé òun gbọ́dọ̀ máa lọ, pé ìdájí ò ní pẹ́ dé, búrẹ́dì yàrá òkè sì wà lọ́rùn òun. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Bàbá Aláró tó pè é padà.

"Sọ fún Ìyá Òkè pé a ń bọ̀," ó ní.

Ó kù kí wọ́n yanjú ti ẹ̀gbọ́n. Ọkùnrin náà wá sílé aró pẹ̀lú ojú líle, ó rí àgbàlá tí omi bàjẹ́, ó sì jókòó ti Bàbá Aláró.

"Wọ́n ní ẹ jókòó wo aṣọ tí omi ń gbé lọ," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àbúrò mi náà sì jókòó tì yín, búrẹ́dì mi ń jóná." Ó mi orí. "Ẹ̀yin èèyàn yìí á mú mi tọrọ jẹ. Àmọ́ ẹni tó bá lè rí àdánù báyẹn kó má purọ́, kó má jalè, kó má bú ẹnikẹ́ni, mo lè fi ilé ìtajà mi sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ láwọn ọjọ́ yòókù." Wọ́n jọ sọ ọ́ títí ó fi gún: lọ́jọ́ keje, ìyàwó ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan nílé búrẹ́dì, ọkọ á sì dáwọ́ dúró lọ́sàn-án, kí ẹ̀gbọ́n máa bá ọjà lọ. Bàbá Aláró ò rí gbogbo ohun tó fẹ́ gbà. Ẹ̀gbọ́n náà ò rí gbogbo tirẹ̀ gbà.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ìyá Òkè gbàdúrà lé wọn lórí, Bàbá Aláró sì sunkún bí ọmọdé.

Sábáàtì àkọ́kọ́ tí Ọlọ́wọ́ Aró lò nílé ọkọ ò rọrùn. Yàrá wọn wà lẹ́yìn ààrò gan-an. Ó ń gbọ́ bí igi ṣe ń ta nínú iná, ó ń gbọ́ ohùn àwọn oníbàárà, ó sì jókòó lórí ibùsùn bí àlejò. Nílé bàbá rẹ̀, gbogbo ilé ló ń dákẹ́ lọ́jọ́ yìí. Níbí, òun nìkan ló dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí bàbá rẹ̀ sọ ń pa dà wá sí i lọ́kàn. Ó ronú pé bóun ò bá ṣọ́ra, òun á dìde lọ́jọ́ kan láti lọ wo iná, kì í ṣe pé ẹnì kan rán òun, àmọ́ kí òun má bàa dá nìkan wà. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́sàn-án, ilẹ̀kùn ṣí. Ọkọ rẹ̀ wọlé, ó ti fọwọ́, ó ti fọjú, kò tilẹ̀ sí ìyẹ̀fun ní ìpéǹpéjú rẹ̀ mọ́. Ó rí i pé ìyàwó òun ti sunkún. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀?" ó ní.

"Wọ́n kì í bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n kàn ń dáwọ́ dúró ni."

"Mo ti dáwọ́ dúró."

"Ẹsẹ̀ rẹ ṣì ń jó."

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, lóòótọ́ ló ń jó. Ó gbé ọwọ́ lé e, ìyàwó rẹ̀ sì gbé ọwọ́ aró tirẹ̀ lé ọwọ́ náà lórí títí ẹsẹ̀ fi dákẹ́. Ọkọ rẹ̀ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ láti sinmi díẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ń hanrun. Ọlọ́wọ́ Aró rẹ́rìn-ín, ó dùbúlẹ̀ tì í, ó ní òun kàn fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń mí ni, oorun sì gbé òun náà lọ.

Ìgbà tí wọ́n máa jí, inú yàrá ti ṣú. Sábáàtì ti kọjá, ọjọ́ kìn-ín-ní ti wọlé, kò sì sí èyí nínú àwọn méjèèjì tó lè sọ ìgbà tí ọ̀kan parí tí èkejì bẹ̀rẹ̀.